Bí Mo Ṣe Bá Ẹgbẹ́ Odó Irin Lọ sí Birmingham

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Fẹ́mi àbúrò mi kan ilẹ̀kùn yàrá tó fi mí wọ̀ sí nílé rẹ̀ ní Redan. Ẹ̀gbẹ́ Atlanta ní Amẹ́ríkà ni Redan wà, àwọn ilé ibẹ̀ sì jọra débi pé lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ilé aládùúgbò ni mo ń fi kọ́kọ́rọ́ wa ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, mo ti wọ kóòtù, mo ti so táì, mo sì ti fi òróró pa bàtà. Fẹ́mi wò mí látòkè délẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, show là ń lọ o, kì í ṣe service."

"Ibi tí orin bá wà, ó yẹ kéèyàn múra," ni mo fèsì.

Kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa ní Abẹ́òkúta, èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn akọrin. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi ohùn níwájú mi, ojú mi á ti bá a wí kí ẹnu mi tó là. Nọ́ọ̀sì ni Fẹ́mi, gbogbo wa nílé sì mọ̀ pé ó tún ń ta gìtá. Ohun tí a kò mọ̀ ni irú orin tó ń fi gìtá náà ta. Thrash metal ni wọ́n ń pè é. Thrash, lédè wọn, ni kéèyàn máa lu nǹkan bí ẹni ń pakà. Metal sì ni irin. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń fi irin pakà, tí inú sì ń bí i gan-an, ẹ ti gbọ́ orin náà tán.

A kọ́kọ́ yà sí Tucker, nílé Ray tó ń lu ìlù fún wọn. Mẹkáníìkì ni Ray, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Òun ló ni ọkọ̀ van tí a máa wọ̀. Dana náà ti dé síbẹ̀, obìnrin tó ń kọrin, tó tún ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni láàárín ọ̀sẹ̀. "Good morning, Uncle," ni àwọn méjèèjì kí mi, nítorí Fẹ́mi ti kọ́ wọn pé a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Inú mi dùn sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ray wakọ̀, Dana jókòó tì í, èmi àti Fẹ́mi wà lẹ́yìn láàárín àwọn gìtá. A gba àárín Atlanta kọjá, iná ṣì ń tàn nínú àwọn ilé gíga. Òpópónà márosẹ̀ I-20 ni a gbà, ó fẹ̀ bíi pápá, ó sì dán débi pé omi tó wà nínú ife mi kò dà. Nílé, ìgbà tí ọkọ̀ bá gbé wa sókè tó sọ wá sílẹ̀ la fi ń mọ̀ pé à ń rìn. Níbí, mo ní láti máa wo àwọn igi kí n tó gbà pé a kò dúró.

Dana ló sọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn fún mi. Inú gáréèjì ìyá Ray ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Fẹ́mi ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn aládùúgbò pe ọlọ́pàá sí wọn. Ọlọ́pàá dé, ó gbọ́ orin kan, ó ní kí wọ́n kọ ọ̀kan sí i kí wọ́n tó dákẹ́. Odó Irin ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Fẹ́mi ló sọ ọ́, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é bí ẹni tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde fẹ́ gbà wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n yí orúkọ yẹn padà, kí wọ́n sì dẹ ìlù náà díẹ̀. Wọ́n kọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jẹ́ independent: àwọn fúnra wọn ni ọ̀gá, àwọn fúnra wọn náà ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ jóná lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣíwọ́ fún ọdún mélòó kan nígbà tí Dana ń tọ́mọ, wọ́n tún padà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣeré rí ní Texas fún ẹni tó ń ta ọtí àti ajá rẹ̀ nìkan.

"Ajá yẹn jáde kí orin tó parí," ni Ray wí láti iwájú.

A dúró ra epo, a sì jẹun. Biscuit tiwọn kì í ṣe bisikíìtì wa o. Búrẹ́dì rírọ̀ kan ni, wọ́n ki ẹran sí i láàárín. Mo tún gba grits, ẹ̀kọ gbígbóná tí kò kúnná, tí wọ́n fi bọ́tà àti iyọ̀ sí. Mo bèèrè ṣúgà, obìnrin tó ń tà á sì wò mí bí ẹni tó fẹ́ bu iyọ̀ sí tíì.

Nígbà tí a padà wọkọ̀, Fẹ́mi sún mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá wúyẹ́wúyẹ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti pè é. Wọ́n fẹ́ kó wọn káàkiri Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ńlá kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ray ti ń kú tipiri bí ó bá lùlù pẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì ní àwọn kò fẹ́ Ray.

"Mi ò tíì sọ fún un," ni Fẹ́mi wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Àgbà kì í wà lọ́jà. Mo tún táì mi ṣe. Ẹni tó ti ń kọ́ akọrin látọjọ́ tó ti pẹ́ kò sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Fẹ́mi, sign contract yẹn jàre. Ray ti ń dàgbà. Ẹ wá young drummer. Nígbà tí alto wa kan ò lè mí dáadáa mọ́, ṣé mi ò replace ẹ̀ ni?"

Mo gbójú sókè, mo rí ojú Ray nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn.

"Uncle," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "mi ò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ contract, mo gbọ́ Ray, mo gbọ́ young drummer, mo gbọ́ replace. Kí ló kù tí mi ò gbọ́?"

Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá là, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

"Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè," ni Ray wí fún Fẹ́mi. "Wọ́n ní kí n rọra kúrò fúnra mi. Mo ti ń retí pé kí o sọ fún mi."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

Fẹ́mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Pé èmi náà fẹ́ contract yẹn."

Ray tẹjú mọ́ ọ̀nà títí a fi wọ Alabama. Bí a ṣe wọ ibẹ̀ ni aago fi wákàtí kan padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀. Nígbà tí a dé Birmingham, mo bẹ ẹni tó ń ṣètò eré pé a ti pẹ́, kó jọ̀ọ́ kó má bínú. Ó ní a tètè dé jù.

Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan ni eré náà wà, lọ́sàn-án gangan. Aṣọ dúdú ni gbogbo èèyàn wọ̀, wọ́n fín ara títí dé ọrùn, wọ́n sì ń pè mí ní sir. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo sún mọ́ iwájú kí n lè mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣì í. Lójijì ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, wọ́n ń forí gbárí, ìjà ti dé. Mo bọ́ sáàárín wọn, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń sọ pé, "Ẹ má jà, ẹ gbọ́, ẹ má jà." Ijó ni. Wọ́n rò pé èmi náà fẹ́ jó, wọ́n sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi jáde, bàtà mi kan ti sọnù. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó so irin mọ́ imú ló wá a rí. Ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì bi mí bóyá ara mi le.

Ibi tí mo ti ń wọ bàtà ni mo wà tí ìlù fi dákẹ́. Ọ̀pá ìlù ti bọ́ lọ́wọ́ Ray. Ó mú un, ó tún bọ́. Ray jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Fẹ́mi gbé gìtá sílẹ̀. Ó mú téèpù dúdú tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, ó kúnlẹ̀ síwájú Ray, ó sì di ọ̀pá náà mọ́ ọn lọ́wọ́, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń di egbò, ó ń fi ìka kan wò ó pé kò fún jù. Wọ́n sọ nǹkan síra wọn tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò gbé jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún orin náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bóyá wọ́n ṣì í, bóyá wọn ò ṣì í, mi ò mọ̀. Mo ń pariwo.

Nígbà tí eré parí, a jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ray ti tú téèpù náà.

"Má ṣe kọ̀ wọ́n nítorí pé àánú mi ṣe ọ́," ló wí fún Fẹ́mi. "Ọwọ́ yìí ò ní pẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní Covington tí mò ń kọ́. Èmi fúnra mi ni màá gbé ọ̀pá yìí lé e lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ kankan ò ní bá wa yàn án."

"Mo ṣì fẹ́ ẹ," ni Fẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ lọ́nà yìí."

Ó tẹ ọ̀rọ̀ sí ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù, Dana sì kà á sókè kó tó fi ránṣẹ́: Odó Irin dúpẹ́. A ò ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ni a padà dé Tucker. A ní láti kó àwọn ìlù wọlé. Nítorí ọwọ́ Ray, mo ní kó fún mi ní àpótí tí wọ́n kó àwọn ẹsẹ̀ irin ìlù sí. Mo gbé e, mo rìn díẹ̀, mo sì jókòó lé e lórí. Ray wá jókòó tì mí.

"Ó wúwo, àbí?"

"Ó wúwo."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ni ó ti ń gbé e. Èmi sì ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn, ẹ̀yìn mi ni mo sì fi kọ́ ọ.

Nígbà tí a délé ní Redan, mi ò lè jókòó. Mo nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú pálọ̀, etí mi ń hó. Fẹ́mi jókòó sílẹ̀ tì mí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò tíì sọ bí orin wa ṣe rí."

"Ó yára jù," ni mo wí. "Ó sì pariwo jù."

Ó ń dúró.

"Ìgbà wo lẹ tún ń lọ ṣeré?" ni mo bi í.