Balùwẹ̀ Tí Mo Fọ́ Kí Ẹrù Tó Dé

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ọgbọ́n mi wà nínú fóònù. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì ní Ọ̀wọ̀, mo kọ ọ́ sára ògiri pé mo ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, mo sì gbé àga aláràbarà kan síta, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé. Bí oníbàárà bá wọlé, àwòrán ilé àwọn ará Dùbáì ni mo kọ́kọ́ máa ń fi hàn án. Káfíńtà tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ọmọ Ìpele, mọ igi ìrókò bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi nígbà náà, ohun tí kò bá ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ní ọdún tí náírà ń yọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ bí ẹja tútù ni ìyá kan wá bá mi. Ọmọ Àkókó ni wọ́n, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ ní Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni ọkọ wọn, akọ̀wé kóòtù nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá náà, wọ́n sì ti lo oṣù méjì ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti ní tó bá tún di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n lè máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ ilé wọn há, ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ga ju ohun tí ẹni tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kò lágbára lè dá kọjá lọ.

"Ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè dá wẹ̀ ni mo ń wá," ìyá olùkọ́ sọ fún mi. "Ojú ń tì wọ́n pé èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n."

Èmi àti káfíńtà lọ wo ilé náà. Bí káfíńtà ti wo yíká, ó ní kí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe ilẹ̀ náà, kí a fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ kó lè di ẹsẹ̀ mú, kí òun sì fi ìrókò ṣe ọ̀pá ìdìmú yí ògiri ká. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ ni. Níwájú ìyá olùkọ́ ni mo ti dá a lóhùn pé kó má sọ balùwẹ̀ akọ̀wé kóòtù di ọgbà ewúrẹ́. Mo yọ fóònù mi, mo fi táìlì ilẹ̀ òkèèrè tí kì í yọ̀ han ìyá, pẹ̀lú ọ̀pá onírin tó ń dán àti ìjókòó ìwẹ̀ aláwọ̀ eérú. Ojú wọn tàn. Wọ́n mú nínú owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò kan ní Èkó tó ní ẹrù náà ti wà lójú omi, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo pe bíríkìlà, mo ní kó fọ́ balùwẹ̀ náà tán pátá, kí ẹrù bá ààyè tó mọ́ tó bá dé. Mo tiẹ̀ ya àwòrán òkúta tó wó jọ, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní iṣẹ́ ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìpè bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò ní dọ́là ti lọ sókè, dọ́là sì ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó orí ẹrù. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń rán kọ́tìnnì, mo fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, n kò sọ fún ìyá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó tún pè. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, mo bá a ní wáàfù, èbúté tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi, mo ń bẹ̀ ẹ́ níwájú èrò bí ẹni pé òun ló ni òkun.

"Màdáámù," ó ní, "iye tí mo sọ fún yín lánàá, ti àná ni."

Ó ṣàlàyé pé ènìyàn púpọ̀ ló ní ẹrù nínú kọ̀ǹténà kan náà, pé àwọn mìíràn ti jáwọ́ nítorí owó tó ń gòkè, kò sì sí bí òun ṣe lè gba tèmi nìkan jáde. Mo padà sí Ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Nínú ọkọ̀, mo ń ṣe àdúrà kan tí ojú ń tì mí láti sọ títí di òní: mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ilé ìwòsàn má tètè dá bàbá sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn dá bàbá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà dá. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Mo lọ fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá pé ẹrù kò tíì dé. Ìyá olùkọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ náà, wọ́n ń wo ihò àti páìpù tó yọ jáde. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé àbúrò wọn ní Ìyẹ́rẹ́. Ilé tó dára ni, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ wọn wà, páànù ni wọ́n fi yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti hu èéhù.

Mo lọ kí wọn níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ṣòro lẹ́nu bàbá, wọ́n ń wá a bí ẹni ń wá owó ẹyọ nínú iyanrìn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Ilé mi ńkọ́?" Mo ní ó kù díẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá olùkọ́ ń gbé omi kaná, bàbá kò sì dúró dè wọ́n. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n dá lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ wẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú. Egungun ìbàdí wọn kán.

Mo bá ìyá ní ilé ìwòsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́: dọ́là, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìjọba, oníṣòwò Èkó. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọn kò gbé ohùn sókè, "dọ́là kọ́ ló fọ́ balùwẹ̀ mi."

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ilé káfíńtà lọ, mo kúnlẹ̀. Kò bú mi. Ó bi mí pé ṣé bàbá yóò tún dìde, mo ní n kò mọ̀, ó sì lọ mú irinṣẹ́ rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà ti gbówó lórí nígbà náà. Mo ta àga ìta ṣọ́ọ̀bù mi àti nǹkan mìíràn tí mo ní. A fẹ ẹnu ọ̀nà, a tẹ́ ilẹ̀ náà, ó fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀, ó sì fi ìrókò ṣe ọ̀pá ìdìmú tó bá ọwọ́ mu dáadáa. Ọjọ́ mẹ́jọ ni, bó ti wí.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti bàbá wọlé. Ọ̀pá náà wà ní ìwọ̀n ẹni tó dúró, bàbá kò sì dúró mọ́. Ìyá olùkọ́ ló ń wẹ̀ wọ́n títí bàbá fi kú nígbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹrù Èkó dé nígbà tó yá, ìdajì rẹ̀ ti fọ́. Mo ta ìyókù, mo kó owó rẹ̀ fún ìyá, mo sì ń san èyí tó kù títí mo fi san án tán.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Iye ọjà kò dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ wáàfù kò sì yé ẹnikẹ́ni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kì í fọ́ ohunkóhun mọ́ nílé onílé àfi bí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀. Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ìyá olùkọ́, wọ́n máa ń pè mí wọlé, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kúnlẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọ́n ní kí n dìde, kí n wá jẹun kó tó tutù. Mo sì jẹ ẹ́.