Ọdún Tí A Fi Atamátàsé Méjì Ṣe Àáró

Ẹnu ìyá tó bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjèèjì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, létí pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Ṣakí. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ náà, èmi ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sẹ́ni tó yọ ẹnìkejì lẹ́nu. Ìgbà tó yá ló gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó sì sọdá wá.

"Bàbá Télọ̀, ṣé ẹ ti gbọ́ pé Nọ́ọ̀sì fẹ́ ta ọmọ mi?"

"Ta ọmọ yín kẹ̀? Ọjà wo?"

"Ó fẹ́ kó ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará Òfíkì. Ó ní wọ́n máa fún wa ní aṣọ́lé kan, àti ọmọ kan tó máa ń dúró sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n lẹ fẹ́ fi gba ọmọ tó ń dúró!"

Nọ́ọ̀sì tó ń wí yìí, ọkùnrin ni o. Ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ọmọ Ṣakí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láàárín wa débi pé a ti gbàgbé ibi tó ti wá. Òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, bó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ tán, pápá ló ń gbà lọ, àwọn ọmọ náà ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ lé e lọ sílé lọ jẹun ìrọ̀lẹ́. Láìsí àwọn ọmọ yẹn, òun àti rédíò rẹ̀ nìkan ni wọn ì bá jọ máa jókòó.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ẹgbẹ́ ti tú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn àgbà inú wọn ti lọ tán. Òmíràn wọ yunifásítì, òmíràn wọṣẹ́ ṣọ́jà, òmíràn wà l'Ékòó tó ń wa kẹ̀kẹ́. Àwọn tó kù, irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ẹgbẹ́ kọ́ láti ìpìlẹ̀ ni. Nínú gbogbo wọn, méjì péré ló mọ bọ́ọ̀lù gbá wọlé: ọmọ ìyá ẹlẹ́gùsí yìí, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó gùn bí òpó iná. Àwọn méjèèjì dára, mi ò lè purọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá gbá mẹ́ta wọlé fún wa, ẹni à ń bá gbá á fi márùn-ún dá wa lóhùn. Aṣọ́lé tiwa lápá, ó lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ìlà. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, á máa wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó ń bọ̀ wá kí i.

Ká ní ẹ̀sín nìkan ni, à bá fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí pápá náà wà, ìdílé Alájì kan ládùúgbò wa ló ni ín. Kajú sì ti di ohun tí gbogbo ayé ń gbìn lọ́dọ̀ wa. Níwájú mi báyìí ni Alájì ti sọ ọ́ fún Nọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ tó mú aṣọ ọdún wá fún mi láti rán.

"Nọ́ọ̀sì, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wo ilẹ̀ yìí. Lọ́dọọdún lẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀, lọ́dọọdún ni wọ́n ń lé yín wálé ní ìpele kìíní ìdíje. Àwọn ọmọ mi ní kí ni mo fi ń ṣe. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kajú là á gbìn síbẹ̀."

"A ti gbọ́, Alájì," ni gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Àmọ́ ó pẹ́ kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Pápá ló ń wò.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá ẹlẹ́gùsí gbé ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ wá, mo mọ ohun tó ń lé Nọ́ọ̀sì kiri. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló bá Nọ́ọ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Alájì wà níbẹ̀, ó wá wo aṣọ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó. Kí lọmọ mi fi ṣe yín?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, ìyá. Òun ló mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wọn."

"Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wá bá mi, tí ebi sì ń pa á, ṣé oúnjẹ ni màá kọ́kọ́ wá fún un?"

"Ẹ ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró ná."

"Ẹ̀yìn wa ló ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyá."

"Ẹ wá fẹ́ gé ẹsẹ̀ tó dáa, kẹ́ ẹ fi dí ojú egbò?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé òwú já lẹ́nu ẹ̀rọ. Alájì pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ò bínú. Ó ní ọmọ tó lè sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, kò sí agboolé tí kò sí. Ọmọ tó lè dúró kí bọ́ọ̀lù wá bá a ni kò rí. Òfíkì ní aṣọ́lé, wọ́n ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹni tó ń gbá a wọlé. Kí ló dé tí ìlú méjì á fi máa jìyà, tí ọ̀kan ní ohun tí èkejì ò ní? Ìyá ẹlẹ́gùsí ní ó dáa, ta ló máa wá dúró nínú oòrùn láti wo ẹgbẹ́ tí kò gbá nǹkan kan wọlé? Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, mo ń mi orí fún àwọn méjèèjì, torí òótọ́ wà lẹ́nu tibí, ó sì wà lẹ́nu tọ̀hún.

Alájì ló là wọ́n. "Ọ̀rọ̀ títà yẹn ni kò dáa. Ẹnìkan kì í ta ọmọ ẹlòmíràn. Àáró ni kẹ́ ẹ pè é."

Gbogbo wa la mọ àáró. Òun la fi ń roko. Àwọn ọ̀rẹ́ á kó ara wọn jọ, wọ́n á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á kọjá sóko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí á fi kárí. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ bá sì ti parí, olúkúlùkù á gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó di ilé bàbá rẹ̀. Ojú ìyá ẹlẹ́gùsí rọ̀. "Bó bá jẹ́ àáró," ó ní, "á padà wálé nìyẹn." Ó sì sọdá padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Bá a ṣe lọ sí Òfíkì nìyẹn. Onímọ́tò kan tó máa ń kó iṣu ló ń darí ẹgbẹ́ tiwọn, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín, ó sanra, ohùn rẹ̀ á máa dún kó tó yọ. A sọ ọ́ fún un pé àáró ni. Ó ní àáró náà lòun fẹ́. A bọ ara wa lọ́wọ́. Wọn ò tíì pín ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí fún ìdíje nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó ronú kan ọjọ́ tí Ṣakí àti Òfíkì máa bá ara wọn gbá.

Aṣọ́lé Òfíkì dé, Nọ́ọ̀sì fún un ní yàrá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni nílé, àmọ́ bó bá ti dé àárín igi méjèèjì, á máa jágbe mọ́ gbogbo wọn. Òun àti èkejì rẹ̀ tó ń dúró sẹ́yìn to àwọn ọmọ wa bí ẹni ń to ebè. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí aṣọ́lé wa tẹ́lẹ̀ lọ jókòó sílé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń ṣe ìdánrawò, mo sì máa ń gbọ́ ohùn ọmọ Òfíkì láti ibi ẹ̀rọ mi: "Jáde síta, ọ̀gbẹ́ni! Àwọ̀n yẹn ò ní sá lọ!"

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín wa, wọ́n fi àwa àti Òfíkì sí ìsọ̀rí kan náà, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ méjì mìíràn. A lu ẹgbẹ́ ìlú Ìràwọ̀ pẹ̀lú ẹyọ góòlù kan, èyí tó jẹ́ pé orúnkún ọmọ Ìràwọ̀ ló bá wa gbá a wọlé. A ta ọ̀mì pẹ̀lú ẹgbẹ́ kejì, kò sí ohun tó wọlé níbì kankan. Àwọn èrò ìwòran ń yán. Ìyá ẹlẹ́gùsí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Télọ̀! Ọmọ mi gbá méjì wọlé fún Òfíkì lánàá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"A ò jẹ́ kí wọ́n gbá kankan wọlé fún wa."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìdúró o."

Ó wá ku ìdíje wa pẹ̀lú Òfíkì, lórí pápá wa. Bí a bá ta ọ̀mì, a ti wọ ìpele kejì. Bí wọ́n bá lù wá, Alájì ti ní ilẹ̀ kajú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn ìrun alásárì, mọ́tò iṣu dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Onímọ́tò bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ wa méjèèjì bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e. Ìyá ẹlẹ́gùsí ti di mọ́ ọmọ rẹ̀ kí a tó kí ara wa tán.

"Nọ́ọ̀sì, mo ti kó tiyín dé," onímọ́tò wí. "Ẹ bá mi pe tèmi."

"Tiyín báwo?"

"Ṣebí àáró ni? Bí iṣẹ́ oko méjì bá bọ́ sọ́jọ́ kan náà, olúkúlùkù á lọ sóko bàbá rẹ̀."

Ariwo ta. Ẹnìkan nínú wa ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe oko. Onímọ́tò bi í pé ta ló pè é ní àáró. Gbogbo ojú yí sí Alájì. Alájì ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò yára.

"Bó ṣe wí ló rí," ó ní. "Àáró kò ní òfin méjì."

Mo wo Nọ́ọ̀sì. Ó mọ̀ pé ẹnu ẹni tó fẹ́ gbin kajú ni ìdájọ́ náà ti jáde. Ó sì lè kọ̀, kò sẹ́ni tó máa mú un. Ìyá ẹlẹ́gùsí tú ọwọ́ kúrò lára ọmọ rẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má wojú mi o. Bẹ́ ẹ bá ní kó padà wọ mọ́tò, á padà."

Nọ́ọ̀sì pe aṣọ́lé náà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá ní kí n dúró, sà, màá dúró. Àmọ́ bàbá mi ń bọ̀ wá wòran lọ́la."

Nọ́ọ̀sì wọ ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, báàgì ọmọ náà ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e sínú mọ́tò fúnra rẹ̀, èkejì ọmọ náà sì gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e. "Máa lọ," ó ní. "Kí bàbá ẹ rí ẹ níbi tó yẹ kó ti rí ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, pápá kún. Àwọn atamátàsé wa padà dé, ṣùgbọ́n wọn ò rí nǹkan ṣe, torí àwọn ọmọ Òfíkì tó ti ń bá wọn ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ mọ gbogbo ibi tí wọ́n máa yà sí. Òfíkì ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Ọmọ kan fara tan ẹ̀yìn wa, ó yí padà, ó gbá a sí igun àwọ̀n, ìyá ẹlẹ́gùsí sì fò sókè: "Ọmọ mi ló kọ́ ọ nìyẹn!" Ó wá rántí ibi tó wà, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Lẹ́yìn ìsinmi, ọmọ kékeré kan nínú àwọn tó ń dúró sẹ́yìn fún wa gba bọ́ọ̀lù, ó rìn síwájú, kò sì sẹ́ni tó ka á sí. Ọmọ yìí ti bá aṣọ́lé Òfíkì ṣe eré ìdárayá lójoojúmọ́. Ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó bá ta nílẹ̀ níwájú rẹ̀ ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó ṣe gbá a nìyẹn, ó ta, ó wọlé. Èmi tí mò ń ránṣọ, mo bá ara mi ní ìdúró lórí àga.

Ó ku díẹ̀ kó parí, ọmọ Òfíkì kan já bọ́ọ̀lù gbà, ó ku òun àti aṣọ́lé wa. Ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ó tán." Àmọ́ aṣọ́lé wa fi ìlà sílẹ̀. Ó sáré jáde, ó wó lé bọ́ọ̀lù náà bí ẹni wó lé adìyẹ tó já. Aṣọ́lé Òfíkì ti pàtẹ́wọ́ fún un láti òdì kejì pápá kó tó rántí aṣọ tó wà lọ́rùn òun. Rẹfirí fọn fèrè. Ọ̀mì.

Alájì dìde, ó gbọn eruku kúrò ní etí agbádá rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní káwọn ọmọ yín máa lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo ní ilẹ̀ míì tí màá gbin kajú sí." Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ìyá ẹlẹ́gùsí ló bá a dúpẹ́.

Ní ìpele kejì, Kìṣí lù wá bí ẹni ń lu bàrà, kò sì dùn wá. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, wọn ò tíì parí àríyànjiyàn. Òmíràn ní pàṣípààrọ̀ yẹn ló gbà wá, òmíràn ní orí ló bá wa ṣe é. Nọ́ọ̀sì máa ń gbọ́ wọn, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ fún mi pé nígbà tí òun ń wá báàgì ọmọ náà nínú yàrá, òun ti fọkàn sọ pé pápá ti lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí mọ́tò iṣu dé yẹn, ṣé ẹ̀ bá gbé báàgì náà jáde?