Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lórí Koríko Tuntun

Tí oṣù kẹta bá ti wọlé ní Houston, òórùn kan wà tó máa ń jí mi kí aago tó dún. Òórùn koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni, tó dà pọ̀ mọ́ ti irun ẹṣin tó ń re. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí apartment nínú ìlú, ní Sharpstown, lè má mọ òórùn yìí. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ òmíràn. Ilé ẹṣin ni wọ́n ti tọ́ mi, lẹ́yìn ìlú, níbi tí ariwo freeway ti máa ń dún bí afẹ́fẹ́ lásán. Àwọn tó ní ẹṣin tí wọn ò sì ní àyè ẹṣin nílé ló ń gbé tiwọn wá fún wa tọ́jú. À ń fún wọn lóúnjẹ, à ń kó ìgbẹ́ wọn, à ń mú wọn jáde. Mọ́kànlá ni wọ́n lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí.

Daddy mi kàwé dókítà ẹran ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n dé ibí, kò sẹ́ni tó ka ìwé ẹ̀rí náà sí, ni wọ́n bá lọ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní La Porte, láàárín àwọn páìpù epo, kí ọwọ́ wọn tó tẹ ilẹ̀ tí ilé ẹṣin náà wà. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fi ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣeré rárá.

Ìgbà yẹn nínú ọdún dára. Màá gbé búrọ́ọ̀ṣì, màá máa ya irun òtútù kúrò lára àwọn ẹṣin, irun náà á máa fò káàkiri, àwọn ẹyẹ á sì máa ṣa á lọ fi tẹ́ ìtẹ́ wọn. Lékèélékèé á máa tẹ̀ lé àwọn ẹṣin lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Eruku yẹ́lò tó ń jábọ́ lára igi á bo mọ́tò Mummy títí a ò fi ní mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n koríko tuntun yẹn gan-an léwu. Koríko gbígbẹ ni ẹṣin ń jẹ látìgbà òtútù. Tó bá já lu koríko tútù lójijì, adùn inú koríko náà á kó ìnira bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Pátákò á gbóná, ẹṣin náà ò sì ní lè dúró dáadáa mọ́. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni Daddy ń fi wọ́n mọ pápá: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á fi kún un. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí géètì. Bọ́ọ̀dù dúdú kan wà lára òpó. Màá kọ ìgbà tí ẹṣin jáde, màá kọ ìgbà tó wọlé, màá sì fi lẹ́tà M sí i, nítorí Mówùmí. Mo ti gba oyè ní yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà. Kò dùn mọ́ mi tó iṣẹ́ géètì yẹn.

Èyí tí Daddy ń bẹ̀rù jù nínú wọn ni Bísíkíìtì, ẹṣin kékeré kan tó ti dàgbà, tó sanra bí àgbá. Miss Carol ló ni ín, obìnrin òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Clear Lake, tí kì í pa ọjọ́ Sunday jẹ kó má wá wò ó.

Ẹlòmíràn tún wà tí kì í pa ọjọ́ tirẹ̀ jẹ: Big Daddy, ẹ̀gbọ́n Daddy, ọmọ ìyá wọn. Sharpstown ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sùn títí di Monday, àpò náílọ́ọ̀nù tó kún fún kárọ́ọ̀tì á wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn gbọ́. "Délé," wọ́n á wí fún Daddy, "ẹṣin tí kò bá jẹ koríko, kí ló fẹ́ jẹ? Jọ̀lọ́ọ̀fù?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Daddy lọ ra koríko gbígbẹ. Mo mú Bísíkíìtì jáde ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mú un wọlé ní mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mo kọ ọ́, mo fi M sí i. Mo ti géètì, mo fi ìkọ́ kọ́ ọ. Ibi tí mo ti ń gbá ilẹ̀ ni mo ti rí Big Daddy tí wọ́n ṣí i padà, tí wọ́n fa Bísíkíìtì lọ́rùn jáde. "Jẹun, bàbá mi. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọ́ ti pọ̀ jù."

Mo sáré bá wọn. "Big Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, Daddy ní—"

"Èmi àti Daddy ẹ, ta lẹ̀gbọ́n? Lọ bu omi wá fún mi."

Mo lọ bu omi. Kí n tó padà, Mummy pè mí wọlé wá dirun fún ọjọ́ ìsinmi. Mo rò pé wọ́n á mú un wọlé. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Daddy dé, Bísíkíìtì sì ṣì wà níbẹ̀, koríko kún ẹnu rẹ̀. Daddy wo bọ́ọ̀dù, wọ́n wò mí, wọ́n sì lọ mú un wọlé.

Láàárọ̀ Monday, Bísíkíìtì fà sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná. Daddy fi àtẹ́lẹwọ́ kan pátákò rẹ̀. "Mówùmí, ta ló ṣí géètì sílẹ̀?"

Big Daddy dúró síbẹ̀, wọ́n ń run pákò. Mo la ẹnu. Mummy mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí n má sọ ọ́, ẹnu mi sì pa dé. Ìgbà náà ni Big Daddy yọ pákò lẹ́nu: "Délé, fi ọmọ náà sílẹ̀. Ọmọdé ni. Nítorí tèmi, má nà án."

Mummy ní, "Mówùmí, ṣé o ò ní dúpẹ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o."

Mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ ló sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n gba géètì lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún Dàmọ́lá àbúrò mi, tí kò tíì mọ aago wò. Nígbà tí Miss Carol sáré dé nírọ̀lẹ́, wọ́n lóṣòó títí ojú wa fi ṣe déédéé. Wọ́n bi mí pé ṣé èmi ni. Ojú Big Daddy wà lára mi. Mo ní, "Yes, ma'am." Miss Carol dúpẹ́ pé mo sọ òótọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń di bọ́kẹ́ẹ̀tì yìnyín mú tí Bísíkíìtì ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ó yè. Ṣùgbọ́n kí ìgbà ẹ̀fọn tó dé, Miss Carol ti gbé e lọ síbòmíràn.

Èmi ni mò ń bójú tó ilé ẹṣin náà báyìí. Daddy ń jókòó sí iwájú ilé. Big Daddy ti ń fi ọ̀pá rìn, àmọ́ kárọ́ọ̀tì ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọmọ mi Tiwa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ni géètì. Lóṣù kẹta tó kọjá, ó sáré wọ àárín gbogbo wa, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́: "Mummy, Big Daddy ló ṣí géètì! I told them no, wọ́n ṣí i!"

Ìyá mi mi orí sí mi, bíi tọjọ́ náà. Big Daddy rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọdé ni. Má nà án."

Mo sì gbọ́ ẹnu ara mi tó ní, "Tiwa, kúnlẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. "But Mummy, mo tì í."

Mo ní kó dìde. Èmi ni mo kúnlẹ̀ síbi tó ti dìde. "Big Daddy, ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ṣí i. Ẹ̀yin náà lẹ ṣí ti Bísíkíìtì."

Wọ́n ń wo pápá. "Ojú ẹṣin náà ni mo wò," wọ́n ní. "Ó ń ṣe mí láàánú."

Daddy ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, láì wo ẹnikẹ́ni. "Mówùmí, mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí M lórí bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo rò pé ara á tù mí tí mo bá sọ ọ́. Kò tíì tù mí tán. Ti Daddy yìí ṣì wà nílẹ̀, a máa sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn mọ ìṣẹ́jú kà ju èmi àgbà yìí lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé èèyàn lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó sì sọ ẹni tó ṣí géètì. Èmi náà ò tètè mọ̀.

Mo gbọn eékún mi, mo lọ mú ẹṣin wọlé. Nígbà tí mo padà dé ìdí òpó, Tiwa ti kọ tirẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, gàdàgbà gadagba: "Jáde, 4:40. Big Daddy." Ó wò mí bóyá màá ní kó pa á rẹ́.

Mo ní kó kọ ìgbà tó wọlé sí i.