Ọwọ́ Tí Kì Í Ṣe Ti Bàbá Mi

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọkọ mi. Òun náà kàn ní, "Ṣebí o fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni." Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Pópó Àgùdà. Yàtọ̀ sí àga àti ilẹ̀kùn, wọ́n máa ń kan sámbà, ìlù onígun mẹ́rin tí àwa ará ibẹ̀ máa ń lù nígbà ọdún Àjíǹde. Àwọn fúnra wọn ló sì mọ̀ ọ́n lù jù ní àdúgbò. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹnu náà padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ò yá mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ife, ọwọ́ á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ná, bí ẹni tí wọ́n pè tí kò tètè dáhùn.

Nígbà tí Àjíǹde ń bọ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ò lè rin ìwọ́de Mọ́ńdè ọdún náà mọ́. Wọ́n ní ká gba orin àwọn sílẹ̀, kí wọ́n máa fi sípíkà gbé e tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́. Èmi ni wọ́n ké sí, torí mo máa ń ṣe bíìtì fún àwọn ọmọ àdúgbò mi tó ń kọrin ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí mo rà ní Ìdúmọ̀tà. Mo pọn ọmọ mi, mo lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi: gìtá méjì, agogo kan, àti sámbà. Kò sẹ́ni tó kọrin sí i.

"Ṣé ó wọlé dáadáa?" Òógùn ti bo bàbá mi.

"Ó wọlé, Bàámi."

"Kí gbogbo Pópó gbọ́ ọ. Àwọn kan ti ń sọ pé mo ti parí."

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́tí sí i. Ìlù ń pẹ́. Kì í ṣe níbì kan o, níbi gbogbo ni, bí ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ́jà. Gìtá pàápàá ń fà níbì kan, á tún yára níbòmíràn. Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Áàpù kan wà tó ń ya ohùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Mo fi yọ ìlù kúrò, mo tún gìtá tò kó lè dọ́gba, mo wá gé ẹyọ ìró kan ṣoṣo nínú sámbà wọn, èyí tó dún jù. Mo fi ìka tẹ ìró yẹn lórí láptọ́ọ̀pù láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Mo tún fi ìró ìlù ńlá kan sábẹ́ rẹ̀ kó lè wúwo. Ọmọ mi ń mu ọmú lọ́wọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, pé bàbá mi ti gba ọwọ́ wọn padà. Mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn. Mi ò sì sọ fún wọn kí n tó fi orin náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́.

Mo gbàgbé nǹkan kan tí ọmọ Pópó ò gbọdọ̀ gbàgbé. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í yin onílù kó fi ẹnu dúpẹ́. Ìlù ló fi ń dáhùn, níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá mi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú ẹ̀wù funfun. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Bí sípíkà ṣe yọ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ariwo sọ. Inú bàbá mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá wọ́n dẹtí, wọ́n wá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn lórí itan. Wọn ò wẹ̀yìn wò.

Onílù kan wà tí òun àti bàbá mi ti jọ ń figa gbága láti ìgbà èwe. Ó já wá láàárín èrò.

"Ìwọ àgbàyà yìí! Wọ́n ní apá rẹ kan ti kú, àṣé o kàn ń tàn wá ni!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín; oríyìn ni. Ó gbé sámbà tirẹ̀ lé bàbá mi lẹ́sẹ̀. "Ó yá, dáhùn!" Wọ́n pa sípíkà.

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ dúró ná. Ó balẹ̀. Ó tún dúró. Àwọn tó fẹ́ pàtẹ́wọ́ sí i ò rí ibi tí wọn yóò ti wọlé.

"Bàbá, ẹ má fi wá ṣeré o!" Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹ lù ú bíi ti inú sípíkà!"

Bàbá mi tún gbìyànjú. Onílù kejì yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Ó rọra gba ìlù rẹ̀ padà. "Ó tó," ó ní. "Oòrùn yìí mú jù."

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo lè ní, èmi ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ń mi ọmọ lẹ́yìn bí ẹni pé ó ń ké, bẹ́ẹ̀ oorun ló ń sùn. Ká ní mo fi orin náà sílẹ̀ bó ṣe wà ni, àwọn ènìyàn ì bá kàn ní, "Ọpẹ́ ni, ọwọ́ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀." Kò sẹ́ni tí ì bá gbé ìlù lé wọn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ìwọ́de kọjá tán, a wọnú ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá mi," bàbá mi ní, "ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Kò burú, Bàámi. Ó kàn ń pẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé ó ń pẹ́. Àwọn onígìtá náà mọ̀. Wọ́n ń dúró dè mí. O ò gbọ́ ọ?"

Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé àṣìṣe ni, mo sì tún un ṣe.

Wọ́n ní kí n sọ ọmọ kalẹ̀, pé ooru ti mú un jù. Mo tú ọjá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbà á. Mi ò lè wojú wọn.