Kúpọ́ọ̀nù Tó Dé Lórúkọ Àǹtí

Mo rántí ìgbà tí àlùmọ́gàjí kékeré kan kì í kúrò nínú báàgì mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lókè Shooters Hill ní London, bí àwọn arúgbó bá sì ti ka ìwé ìròyìn wọn tán, èmi ni mo máa ń kó o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Kúpọ́ọ̀nù ni mò ń wá, àwọn bébà pélébé tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, tí èèyàn á gé, tí á mú dé súpámákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á sì bá a yọ nǹkan díẹ̀ kúrò nínú owó ọṣẹ tàbí owó ìrẹsì. Inú Bíbélì mi ni mo máa ń kó wọn sí kí wọ́n má baà rún. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Thamesmead, ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń ṣí Bíbélì yẹn síwá sẹ́yìn á rò pé olùfọkànsìn kan rè é, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí kúpọ́ọ̀nù kò ní ṣeé lò mọ́ ni mò ń wò. Tí mo bá rántí obìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn báyìí, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ojú mi rí màbo kí n tó mọ kúpọ́ọ̀nù lò. Lóṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mo mú ẹyọ kan dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń gbowó, ó yọ owó kúrò, inú mi dùn dé ibi pé mo ní kó fi ènì sí i. Mo na ọwọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, “Just small one, my sister, for customer.” Ó wò mí, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń mí kanlẹ̀. Èmi tí gbogbo àwọn aláta ní Bódìjà máa ń bu ènì fún kí n tó bèèrè, mo kó ọjà mi, mo sáré jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní nǹkan kan mọ́ nípa kúpọ́ọ̀nù.

Ilé Àǹtí ni mo gbé lọ́dún kìíní. Wọn kì í ṣe ẹbí mi, ọmọ ìlú wa ni wọ́n, ọ̀rẹ́ ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fún mi ní yàrá kékeré kan nínú ilé wọn ní Thamesmead. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, kóòtù ọrùn ara wọn ni wọ́n bọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn nítorí òtútù. Mo ń sanwó yàrá lósoosù, kò sì sóṣù tí mo pẹ́ san, ṣùgbọ́n bí àwọn òbí mi ṣe tọ́ mi ni pé ẹni tó bá gbà ọ́ sílé nílùú àjèjì ti di ìyá rẹ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe láìsọ fún wọn. Nígbà tí mo fẹ́ gba káàdì súpámákẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n máa ń fi póìǹtì sí bí èèyàn bá ti rajà, Àǹtí ni mo kọ́kọ́ lọ bá, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ṣé o ti ní proof of address ni? Jẹ́ kí n fi name mi register ẹ̀, my dear. Èmi àti ìwọ, ṣé ọ̀tọ̀ ni?”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Káàdì náà dé lórúkọ wọn, wọ́n gbé e fún mi, mo tún dúpẹ́. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì ò bèèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gba káàdì, ẹlòmíràn ì bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i ní ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó fi wo ojú Àǹtí kí n sọ pé orúkọ tèmi ni mo fẹ́?

Póìǹtì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré sí mi. Bí èèyàn ò bá fọwọ́ kàn án, á máa pọ̀ sí i, tó bá wá ku díẹ̀ kí Kérésìmesì dé, wọ́n á sọ ọ́ di kúpọ́ọ̀nù ńláńlá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé nínú àpòòwé. Kúpọ́ọ̀nù inú ìwé ìròyìn ni mo fi ń jẹun lójoojúmọ́. Póìǹtì ni mo tọ́jú, n kò ná ẹyọ kan nínú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ mi ń bọ̀ lóṣù Kejìlá.

Ìbàdàn ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí bàbá wọn tó ti kú. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọbìnrin mi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ méje. Mò ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n lórí fóònù mo máa ń gbọ́ ohun tí wọn ò sọ. Lọ́jọ́ kan ọmọkùnrin mi bi mí pé, “Mummy, tá a bá dé London, ṣé a lè jẹun tí kò bá tíì tó time?” Mo wá sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá dé, kó ṣí fíríìjì fúnra rẹ̀, á bá a tó kún dẹ́nu, kó mú ohun tó bá wù ú, kó má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlérí tí mo ṣe fún ọmọ mi nìyẹn, mo sì ti mọ̀ pé owó bàálù wọn àti owó ilé tí mo fẹ́ gbà ò ní ṣẹ́ nǹkan kan kù sí mi lọ́wọ́. Kúpọ́ọ̀nù Kérésìmesì ló máa kún inú fíríìjì yẹn.

Nítorí náà, mo fi ara ṣiṣẹ́ fún póìǹtì. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń bá àwọn obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rajà. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sórí bébà, wọ́n á fún mi lówó, èmi á fi káàdì ọwọ́ mi rà á kí póìǹtì rẹ̀ lè bọ́ sọ́dọ̀ mi. Omi inú ike, ọṣẹ ìfọṣọ, ìlédìí ọmọ ọlọ́mọ, mo rù ú gun òkè Plumstead Common lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì bá kún. Èjìká mi wú. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Káàdì níbi iṣẹ́, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, mo kó kúrò lọ́dọ̀ Àǹtí lọ sí ilé kékeré tí mo rí gbà, kò jìnnà sí tiwọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni àpòòwé náà máa dé, mo sì pè wọ́n láti bèèrè. Wọ́n ní kò tíì dé. Mo tún pè lọ́sẹ̀ kejì.

“Post àwọn òyìnbó yìí ti bàjẹ́,” ni wọ́n wí. “Ní sùúrù now. Ẹ̀ẹ́n, Saturday, wá ràn mí lọ́wọ́ o. Àwọn ará fellowship ń bọ̀ wá jẹun ìparí ọdún nílé mi.”

Mo ní kò burú. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn gan-an ni bàálù àwọn ọmọ mi máa balẹ̀.

Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti gba ibẹ̀ lọ, mo ṣì wọ yunifọ́ọ̀mù. Adìẹ kún orí tábìlì kíṣìnnì, ìrẹsì, òróró, ohun mímu, bísíkíìtì, gbogbo rẹ̀ nínú báàgì súpámákẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń rajà. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí Àǹtí kì í dé ibẹ̀. Powis Street ni wọ́n ti ń rajà lọ́dọ̀ àwọn ará wa, wọ́n máa ń ní adìẹ òyìnbó ò dùn lẹ́nu. Mo gé adìẹ, mo fi èròjà pa á lára, mo gbé òróró kaná. Ibi tí mo ti ń kó báàgì òfìfo jọ ni rìsíìtì ti bọ́ sílẹ̀. Mo kà á, nítorí kíka rìsíìtì ti di bárakú fún mi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kúpọ́ọ̀nù lé kúpọ́ọ̀nù, òun ni wọ́n fi san ohun gbogbo. Mo ṣí ike ìdọ̀tí. Àpòòwé náà wà níbẹ̀, wọ́n ti fà á ya, ọjọ́ tó wà lára lẹ́tà inú rẹ̀ ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Orí mi gbóná. Mo di rìsíìtì náà mú. Àǹtí wọlé.

“Ṣé adìẹ yẹn ti ń jinná? Àwọn èèyàn ti ń dé o.”

“Àǹtí, ẹ ní kúpọ́ọ̀nù ò tíì dé.”

Wọ́n wo rìsíìtì lọ́wọ́ mi. Ojú ò tì wọ́n.

“Ṣé torí coupon lo ṣe ń fi ojú yẹn wò mí? Name ta ló wà lórí card? Letter tó wá sílé mi, lórúkọ mi, ṣé kí n gba permission lọ́wọ́ ẹ kí n tó ṣí i?”

“Oúnjẹ àwọn ọmọ mi ni, Ma. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀.”

“Ọmọ ẹ, ọmọ mi. Ṣé ebi lè pa wọ́n kí èmi wà ńbí? Jọ̀ọ́, yí adìẹ yẹn padà kó má jóná.”

Mo yí i padà. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, òtítọ́ wà lẹ́nu mi, mo yí adìẹ padà kó má jóná. Lẹ́yìn náà mo gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò, mo bu omi fún wọn. Pásítọ̀ gbàdúrà pé àpò Àǹtí ò ní gbẹ láé, gbogbo wa ṣe àmín, ohùn tèmi náà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Àǹtí dá mi dúró láàárín pálọ̀. Wọ́n ti di ìrẹsì àti adìẹ sínú ike méjì.

“Ẹ bá mi wò ó o,” ni wọ́n sọ fún gbogbo ilé. “Àwọn ọmọ ẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Mo ní mi ò lè fọwọ́ lẹ́rán máa wò ó. Gbà, bá mi kí àwọn ọmọ mi.”

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní, “Ẹ ṣé gan-an, Ma. Ẹ ò ní ṣaláìní.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo lè gbàgbé kúpọ́ọ̀nù. Mo lè gbàgbé irọ́ tí wọ́n pa fún mi lórí fóònù. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni n kò lè gbàgbé. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń sọ̀rọ̀ síta, àwọn èèyàn á sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àwọn ọmọ dé. Ọmọkùnrin mi ò tíì bọ́ kóòtù tó fi bèèrè ibi tí fíríìjì wà. Mo jẹ́ kó ṣí i. Mílíìkì wà níbẹ̀, ẹyin, búrẹ́dì, àti ike méjì yẹn. Ó rọra pa á dé, ó wò mí, ó ní, “Ṣé mo lè mú?” Ọmọ tí mo sọ fún pé kó má bèèrè. Mo gbé oúnjẹ náà gbóná, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí pé, “Mummy, ṣé ẹ̀yin lẹ sè é?” Ó ti rẹ̀ mí. N kò fẹ́ fi ẹjọ́ àgbà sí wọn létí lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mo ní, “Àǹtí yín ló fún wa.”

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Èmi àti Àǹtí máa ń kí ara wa lóde, mo máa ń bèèrè àlàáfíà wọn. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pè mí. Àǹtí máa pé àádọ́rin ọdún, ó sì fẹ́ fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ra ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà fún wọn.

“Mummy, that chicken, I swear, it's still in my mouth. Auntie nìkan ló remember wa that time.”

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní kó jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, káàdì, àpòòwé, rìsíìtì.

“So it was your chicken.”

“Èmi ni mo ni ín.”

“And you let me call her every Christmas láti máa dúpẹ́? Nine years, Mummy?”

Mo gbọ́ ìbínú nínú ohùn rẹ̀, inú mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn, mo rò pé mo ti rí ẹni tó máa bá mi bínú sí Àǹtí. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé èmi ló ń bínú sí. Ó bi mí pé kí ni mo sọ fún Àǹtí lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n gbé ike náà fún mi. Mo ní mo dúpẹ́. Ó ní òun máa pè mí padà, ó sì pa fóònù.

Kò tíì pè. N kò mọ̀ bóyá ó ti ra wúrà náà, n kò sì lẹ́nu láti bèèrè. Inú ṣì ń bí mi sí Àǹtí, n kò bẹ Ọlọ́run pé kó mú un kúrò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti pa fóònù ni mo ti ń rò ó. Kúpọ́ọ̀nù ọdún kan péré ni Àǹtí gbà lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ ọdún mẹ́sàn-án tí ọmọ mi dá, ẹnu ara mi ni mo fi gbé e fún wọn.