Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ìyá Atiro

Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n Ìyá Atiro ni gbogbo èèyàn ń pè é. Tó bá ń lọ ní títì, àwọn awakọ̀ á rọra, wọ́n á yọrí síta: "Ìyá Atiro, ẹ ò ní tiro fún wa ni?" Á tiro díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Èmi ni mò ń tún aṣọ àti bàtà ẹgbẹ́ eré wọn ṣe látìgbà tó jẹ́ pé orí ìtàgé nìkan ni wọ́n mọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù. Ẹni tó bá ń ránṣọ, àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Kó tó gba orúkọ yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un kò ju kó gbé àga wọlé kó sì gbé e jáde lọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó yẹ kó ṣe ìyá ìyàwó kò wá. Ọ̀gá eré ní kó wọ aṣọ obìnrin náà. Bó ṣe jáde, ó fẹsẹ̀ ọ̀tún tiro, ó ju ìdí, ó dúró mí, ó tún tiro. Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Àtọjọ́ náà ni ọ̀nà oúnjẹ ti là fún un. Mo bá a kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ bàtà ọ̀tún, kí ìrìn náà má bàa yí padà.

Ọjọ́ tí mò ń wọn ìbàdí rẹ̀ ló sọ fún mi pé ìrìn ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí àbúrò ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, ni ẹsẹ̀ bá yọ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ tó pọ̀n fara kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ló fi gba gbogbo ẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò sì tọ́ mọ́.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó gbà mí là ni mo fi ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Bí àǹtí mi bá mọ̀, ojú wo ni màá fi wò wọ́n?"

Ìdí nìyẹn tí kò fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wo eré rí. Tí ìyẹn bá bèèrè, á ní gbọ̀ngàn jìnnà, á ní àga ibẹ̀ le. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó yá, ojú ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, dókítà sì ní kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́. Ló bá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀: "Kí ojú yìí tó lọ, mo fẹ́ rí ẹ lórí ìtàgé. Mi ò bèèrè nǹkan míì lọ́wọ́ ẹ."

Kò sí àwáwí kankan mọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n jókòó síwájú pátápátá. Mo gbé bàtà fún àbúrò nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra.

Ó ní, "Yọ pákó abẹ́ ẹ̀."

"Wọ́n máa sọ wá lókò o."

"Kí wọ́n sọ ọ́. Ṣáà yọ ọ́."

Ó jáde, ó ń rìn gbọnrangandan. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ náà ló sọ, àmọ́ ìrìn ni àwọn èèyàn ń dúró dè. Ẹnì kan wúkọ́. Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ní, "Ìyá, ẹsẹ̀ ti san ni?" Ẹ̀rín tí wọ́n rín sí ìyẹn nìkan ni wọ́n rín títí eré fi parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n wọlé wá bá wa, ó ń fọwọ́ ra ògiri, ó ń tiro. Gbogbo wa gbójú wálẹ̀. Ó jókòó sórí àga mi.

"Ta ló wò ẹ́ sàn?"

Àbúrò wólẹ̀ síwájú rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Látìgbà tí fíìmù àkọ́kọ́ ti jáde ni àwọn ọmọ ọgbà wa ti ń tiro kiri bíi tìẹ. Ojú ló ń dùn mí, orí mi ò dàrú. Ẹ̀rín yẹn ni mo wá gbọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹsẹ̀ mi ṣe fún ẹ, o wá gbé e pa mọ́ fún mi." "Dìde. Tiro kí n rí ẹ."

Ó dìde, ó tiro láàárín àwọn aṣọ tí mo fi kọ́. Ẹ̀gbọ́n na ọrùn, ó ń wò ó kínníkínní.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ òsì ni tèmi."

Àbúrò wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bí ẹni tí kò rí i rí. Láti kékeré, ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń bọ̀ wá bá a ló máa ń wò ó, bí ẹni tó ń wo dígí. Òsì ẹ̀gbọ́n ló sọ di ọ̀tún tiẹ̀.

"Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ará ilé nìyẹn tí wọ́n bá ń bínú sí ẹ nítorí mi: kì í ṣe èmi ló ń sín jẹ, òsì ni tèmi." Ó rẹ́rìn-ín. Omijé ti bo àbúrò lójú. "Nù ún nù, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tún un ṣe dáadáa, mo ṣì ń rí díẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n kan pákó náà mọ́ bàtà òsì. Ọ̀gá eré ní àwọn òǹwòran máa bínú. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ fura.

Ojú ẹ̀gbọ́n lọ tán pátápátá kí ọdún tó yí po. Síbẹ̀, ó ṣì ń wá. Iwájú náà ló máa ń jókòó sí, á gbé agbọ̀n sókè. Tí pákó bá ti kan ilẹ̀ ìtàgé, kí ẹ̀rín tó bò ó mọ́lẹ̀, á fọwọ́ kan ẹni tó bá jókòó tì í.

Á ní, "Òsì ni."