Ọkọ̀ Tí Ó Dojú Kọ Ara Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí a fi odindi oṣù mẹ́ta jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Titirou, àdúgbò kan ní Parakou, tí a ń fi àjẹ̀ tu eruku. Káfíńtà ẹgbẹ́ wa ló gbẹ́ ọkọ̀ náà sẹ́yìn ilé rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sì ti sọ ọ́ di ibùsùn, a ní láti lé wọn jáde kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Parakou kò ní odò kan tí a lè tọ́ka sí. Ọ̀kpárà ló sún mọ́ wa jù, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán ni yóò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ìwé sì ti Kutonu wá pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀, kí ó sì kọ ètò ogún ọdún ránṣẹ́. Ọ̀gá ìjọba tó mú ìwé náà wá, ọmọ etí ọ̀sà ni, kò ka eré mìíràn sí eré ju ọkọ̀ títù lọ. A kò fẹ́ já àlejò kulẹ̀, la bá gbà.

Èmi ni akọ̀wé. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, mo ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mo ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, mo sì rò pé méjèèjì tó láti fi gba ayé. Alága ẹgbẹ́, tí a ń pè ní Pírẹ́sídáà, ni ó dàgbà jù nínú wa, ará Ìdàáṣà tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Òun náà fẹ́ mi, kò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn: “Ọmọ mi kò ní fẹ́ akọ̀wé tí kò ní biró.” Ọ́fíìsì ni à ń pè ní biró. Ọ̀gá ìjọba ní tirẹ̀ sì ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa bá gba odò Ọ̀kpárà kọjá lójú òun, òun yóò fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní tábìlì àti àga ní biró àwọn ọ̀dọ́, pẹ̀lú owó oṣù. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá dé òdìkejì odò, mo ti níyàwó. Bí kò bá débẹ̀, mo di àpọ́n.

Mo kọ ètò náà bí ẹni tí ń kọ ìwé ìfẹ́. Ní ọdún karùn-ún, a ó kọ́ ilé ọkọ̀ alájà. Ní ọdún kẹwàá, a ó na àwọn ará Àjàṣẹ́ nínú ìdíje lórí ọ̀sà tiwọn. Ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, a ó máa kọ́ wọn bí a ṣe ń tukọ̀. Ní ọdún kejìdínlógún, ìjọba yóò wá omi fún Parakou. Kò sí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tó bèèrè ìdí tí omi fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé.

Ìjókòó ló dá ìjà sílẹ̀. Ìpàdé méje la fi sọ̀rọ̀ ìjókòó nìkan. Mo ní kí gbogbo wa kọjú síbì kan náà. Káfíńtà bèèrè pé, “Ṣé kí ọmọdé wá kọ ẹ̀yìn sí Bàbá? Nínú ọkọ̀ kékeré báyìí?” Gbogbo wa wo Pírẹ́sídáà. Kò sọ̀rọ̀, ó ń fi sùúrù jẹ orógbó. A gbà pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, ìkọ̀ ni. Ni káfíńtà bá kan ìjókòó náà bí ti ìpàdé: àgbà mẹ́rin lápá kan, ọ̀dọ́ mẹ́rin lápá kejì, kí a máa wo ojú ara wa. Nígbà tí mo ròyìn fún àfẹ́sọ́nà mi, ó ní, “Ta ni yóò wá jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ síwájú?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní obìnrin kò mọ ètò.

Ọjọ́ náà pé. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ wa dé Ọ̀kpárà, òjò ti mú kí odò náà kún dáadáa. Ọ̀gá ìjọba ti kọjá sí òdìkejì, ó dúró sórí àpáta pẹ̀lú ìwé rẹ̀. A wọlé ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ orí. Pírẹ́sídáà jókòó, èmi jókòó níwájú rẹ̀, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ní “Ó yá!” A fi àjẹ̀ bọ omi.

Ọkọ̀ náà kò mira. Àwọn àgbà ń wà á sọ́dọ̀ wa, àwa ń wà á sọ́dọ̀ wọn.

“Akọ̀wé, tẹra mọ́ ọn!”

“Bàbá, mo ń tẹra mọ́ ọn!”

“Tóò, tún tẹra mọ́ ọn!”

Bí mo ti ń tẹra mọ́ ọn ni òun náà ń tẹra mọ́ ọn, nítorí àgbà kò ní gbà kí ọmọdé fi agbára hàn òun. Òógùn bò wá. Ọ̀gá ìjọba ń ké láti òdìkejì pé kí a máa bọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí i tí ó ti ìwé rẹ̀ bọnú àpò. Mo rí tábìlì mi tó ń lọ, mo rí àga mi, mo rí ìyàwó mi. Ayé mi dojú rú. Mo dìde, mo yí padà, mo kọ ẹ̀yìn sí Pírẹ́sídáà pátápátá, mo sì fi àjẹ̀ gún omi. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yòókù yí padà tẹ̀lé mi. Ọkọ̀ fò lọ bí ẹṣin tí a já ìjánu rẹ̀, ó sì kọlu èbúté òdìkejì.

Ọ̀gá ìjọba pàtẹ́wọ́. Mo gba biró. Pírẹ́sídáà sọ̀kalẹ̀ láìbá mi sọ̀rọ̀, kí oṣù náà tó parí ó ti fi ọmọ rẹ̀ fún awakọ̀ akẹ́rù kan ní Ìdàáṣà. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́ta, wọ́n ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Láìpẹ́ ìjọba yí padà, bí ó ti máa ń ṣe láyé ìgbà yẹn, ìjọba tuntun sì kó tábìlì mi lọ.

Ọdún kejì ni Pírẹ́sídáà tó pè mí jókòó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, pé kò sí ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ọmọ mi, èèwọ̀ ni kí ọmọdé kọ ẹ̀yìn sí àgbà. Ta ló sọ fún yín pé èèwọ̀ ni kí àgbà kọ ẹ̀yìn sí ọmọdé? Ẹ̀ bá ní kí n yí, ǹ bá yí. Ìpàdé méje ni mo fi dúró kí ẹnì kan bi mí.”

Mo ti dàgbà báyìí ju bí Bàbá ti dàgbà tó lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ obìnrin mìíràn, a bímọ, a sì dúpẹ́. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Mo mọ òwe náà kí n tó di akọ̀wé, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ètò wa. Mo máa ń rántí orúnkún ọkùnrin náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi, àti bí ó ti rọrùn tó láti sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà.” Ó ṣì ń dùn mí.